Ẹyin Tí Mo Fi Jẹ Sààrì

Sọ̀fíyátù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Abíjàn? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó mú yín la ibodè kọjá kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìdààmú níbẹ̀. Àwa náà wà láàyè ní Isundunrin, èmi gan-an wà láàyè ju bí mo ṣe rò lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ọkùnrin tí o fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, tó ní ẹyin ń pa àgbàlagbà, mo kí i, mo sì bi í bóyá ẹyin awó náà wà lára èyí tó ń pani. Kò dá mi lóhùn, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú. Mo pe Gàníyù àbúrò mi, mo fi ààlà oko hàn án. Mo ní kí ìyá rẹ kó àwọn adìyẹ rẹ̀ fún Ràmọ́nù aládùúgbò wa. Ó kó wọn, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Síbẹ̀, ọkàn mi ń ṣiyèméjì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Mo wá dàgbà tán, wọ́n ní àgbà tó bá jẹ ẹ́ yóò kú. Ta wá ni adìyẹ ń yé e fún?

Ni mo bá lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Èjìgbò. Ìbíyẹmí, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ní òun yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lọ́jọ́ kejì, kí n má fi nǹkan kan ẹnu títí n ó fi dé. Mo ní ààwẹ̀ nìyẹn, n kò sì gba ààwẹ̀ láìjẹ sààrì rí. Mo jí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, mo fi ẹyin tó ṣẹ́kù nílé jẹ iṣu, kí nọ́ọ̀sì lè bá a nínú ẹ̀jẹ̀ mi kó sì ṣèdájọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé mo jẹ sààrì, ó di tábìlì mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìjọ ni, n kò bínú sí i, mo jókòó, mo ṣàlàyé oore tó wà nínú sààrì fún un. Ó ní kí n padà wá lófìfo.

Mo padà lọ, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó sì ní kò sí ohun tó ṣe mí. Ó ní ẹyin kan lóòjọ́ kò burú fún irú ara tèmi, ẹni tó bá ń ṣàìsàn ni kó bi dókítà tirẹ̀. Iyọ̀, àti epo kan náà tí ìyá rẹ fi ń dín in léraléra, ni kí n ṣọ́ra fún. N kò tíì sọ ti epo fún ìyá rẹ, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ ni. Bí mo ṣe jáde, mo rí i pé máńgòrò ẹnu ọ̀nà wọn ti so. N kò rí i nígbà tí mo ń wọlé.

Ràmọ́nù ló kù. Mo ní kó dá adìyẹ wa padà, ó ní òun kò lè mọ̀ọ́mọ̀ fi ikú ránṣẹ́ sí aládùúgbò òun, kí n jẹ́ kí òun máa bá wa ru ewu náà. Ó ń rù ú láràárọ̀, ara rẹ̀ sì ń dán. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, kí n fi ra adìyẹ mìíràn fún ìyá rẹ. Bá mi kí ọkùnrin inú fóònù yẹn, n kò bínú sí i.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí. Wàá dàgbà títí wọn yóò fi máa fi ẹyin dẹ́rù ba ìwọ náà, wàá sì jẹ ẹ́ gbé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùhámmẹ́dù