Ohùn Ọmọ Tí Mo Fi Ń Dá Ọkọ Mi Lóhùn

Olóòtú wa, mo kí yín láti Brays Oaks ní ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Oyún mi ṣì kéré. Nọ́ọ̀sì pè mí lọ́jọ́ Ajé, ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi ti fi hàn pé obìnrin ni ọmọ náà. Ó wá rọra sọ pé àyẹ̀wò náà tún fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ ní àìsàn kan, àmọ́ àfi kí n ṣe àyẹ̀wò mìíràn kó tó dájú.

Ti obìnrin nìkan ni mo sọ fún ọkọ mi. Kíá ló ti sọ ọ́ ní Ìlérí. Láràárọ̀ ló ń kí ikùn mi: “Ìlérí, ṣé o sùn dáadáa?” Èmi á fi ohùn ọmọdé dáhùn: “Mo sùn dáadáa, Dádì.”

Láàárọ̀ yìí, ohùn náà kò jáde. Ó rò pé mò ń ṣeré ni.

Ẹ̀rù ń bà mí. Tó bá tún béèrè lọ́la, ta ni kó dá a lóhùn, ọmọ ni àbí èmi gan-an?