Oòrùn Òní Kì Í Ṣe Ti Koríko

Malachy ọkọ mi,

Má wá mi o, mo ti lọ wo òkè Moher létí òkun! Àyè kan ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ àwọn àlejò tó ń sanwó sùn nílé wa. Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, mo ti wọ bàtà. Láti ilé wa ni àlejò ti ń rin gbogbo Ireland já, tí wọ́n ń padà wá sùn. Èmi, bí oòrùn bá ti yọ, koríko tí màlúù rẹ máa jẹ nígbà òtútù ni mò ń sá. Ó tó gẹ́ẹ́! Pe àbúrò rẹ kó wá bá ọ sá a. Ọ̀dùnkún wà nínú ìkòkò.

Má gbé ère Jésù kékeré wọlé o. Èmi ni mo gbé e síta lánàá, bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe, kí òjò má bàa rọ̀ lónìí, ìwọ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ta ló sọ fún ọ pé torí koríko ni?

Attracta