Eyín Kan Tó Kọ̀ Láti Funfun

Maji ya Chai,
Arusha,
Tanzania.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹjọ, 2023.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ndeshi,

Báwo ni eruku Dodoma? Ṣé ojú Màmá rẹ ti ń ríran dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti dá a padà sí ẹ̀ka tó fẹ́ níbi iṣẹ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi orúnkún bàbá mi tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Òtútù oṣù yìí ló fà á.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù pé ìwọ náà ti ra oògùn tó ń mú eyín funfun, irú èyí tí mo rà. Jọ̀ọ́, má tíì ṣí páálí náà. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí mo lè tẹ̀ sórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Láti ọ̀sán ni inú mi ti ń dùn ṣìnkìn.

O mọ bí omi àdúgbò wa ṣe ń sọ eyín di pupa bíi tíì. Nígbà tí wọ́n wá ní èmi ni n ó dá orin fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa níbi ìdíje ní Moshi, tí wọ́n sì ní wọn yóò ya fídíò rẹ̀, mo lọ ra oògùn náà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ṣerun ní Usa River. Inú rọ́bà kan tó rí bí eyín ni wọ́n ń fún un sí, wọn a wá kì í bọ ẹnu fún wákàtí kan lójúmọ́. Ndeshi, ó ṣiṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àwọ̀ tíì yẹn ti ń ṣí kúrò lára eyín mi. Mo ń yọ dígí wò nínú kíláàsì débi pé àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń bi mí pé kí ni mò ń wá lẹ́nu.

Àfi eyín iwájú tó kán lọ́jọ́ tí o fi kẹ̀kẹ́ gbé mi já sínú gọ́tà. Ẹni tó bá mi fi nǹkan dí ibi tó kán nígbà náà wá àwọ̀ tó bá eyín mi mu, ó sì pupa rúsúrúsú bíi tiwọn. Ní báyìí, àwọn yòókù funfun, òun sì dúró bíi hóró àgbàdo sísun láàárín àgbàdo tútù. Mo rò pé olóríkunkun ni. Mo fi kún oògùn náà, mo sọ wákàtí kan di mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta mo mu wàrà tútù, àfi bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi dé àtàrí.

Mo sáré lọ bá Dókítà Lukumay, obìnrin kan tó ń tọ́jú eyín ní Arusha. Ó yẹ ẹnu mi wò, ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ohun tí a fi dí eyín máa ń funfun?" Ó ní ara eyín gan-an ni oògùn náà ń mú, pé bí mo bá fi ọdún kan kì í bọ ẹnu, ibi tí wọ́n dí ò ní yí padà. Àpọ̀jù rẹ̀ tún lè mú kí ojú ibẹ̀ má dán mọ́. Tèmi ti gbó tẹ́lẹ̀, etí rẹ̀ ti là, ibẹ̀ ni oògùn ń gbà wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ìdíje ku ọjọ́ mẹ́fà. Ó kọ̀. Ó ní tuntun kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn, àwọ̀ eyín náà ò sì tíì dúró lójú kan, kí n jáwọ́ nínú oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó padà wá. Ó fi nǹkan bo ibi tó là, ìrora náà sì rọlẹ̀.

Mo wá lọ bá Mama Nanyaro, olórí akọrin wa, pé kó fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. O mọ Mama Nanyaro, eyín tiẹ̀ pupa ju tèmi àtijọ́ lọ. Ó ní, "Aikaeli, ṣé eyín ni wọ́n fẹ́ gbọ́ àbí ohùn? Tó bá jẹ́ eyín ni, èmi ì bá ti fẹ̀yìn tì lọ́dún tí wọ́n bí ẹ." Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi tí mo fẹ́ sunkún náà bá wọn rín in. A lọ sí Moshi. Ká tó dé ẹsẹ kejì, mo ti gbàgbé pé mo léyín lẹ́nu. Ipò kejì la ṣe nínú ẹgbẹ́ mọ́kànlá!

Òní ni ọ̀sẹ̀ méjì pé. Dókítà mú mi sún mọ́ fèrèsé, ó ń fi oríṣiríṣi àwọ̀ wé eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ ti àtijọ́, ó dí tuntun. Nígbà tó fún mi ní dígí, mo wá eyín náà títí, mo ní èwo ni. Ó ní, "Bí o ò bá ti mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ mi parí."

Méjì ni wọ́n dí fún ìwọ níwájú, Ndeshi. Fi wọ́n han dókítà kí o tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ fún ẹ bóyá wọ́n ṣì le, kí o sì mọ̀ pé wàá pààrọ̀ wọn lẹ́yìn náà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Bá mi kí Màmá àti ọkọ rẹ. Mo fi fọ́tò kan sínú lẹ́tà yìí. Ti Moshi ni, kì í ṣe tòní. Ẹni tó yà á fẹ́ fi ẹ̀rọ pa àwọ̀ eyín pupa yẹn rẹ́, mo ní kó fi sílẹ̀. Ìyá mi ti gbé ọ̀kan kọ́ sí pálọ̀. Ó ní láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méje, tí eyín pupa ti yọ sí mi lẹ́nu, òun ò rí i kí n la ẹnu tó báyìí nínú fọ́tò rí.

Èmi ni tìrẹ, tẹ̀rín-tẹ̀rín,
Aikaeli Nnko.