Èmi Tí Mò Ń Tẹ Òbúkọ Lọ́dàá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Dókítà pe èmi àti Alákòóso jókòó. (Ìyàwó mi ni Alákòóso. Ilé ló ń ṣàkóso, ó sì ń ṣàkóso èmi náà.) Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru jù. Nígbà tó bí ọmọ wa kẹta, díẹ̀ ló kù kó kú. Bó bá tún lóyún, ó lè lọ láìbọ̀. Gbogbo oògùn àti abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí tó lò, kò bá a lára mu. Ni Dókítà bá kọjú sí mi: "Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá?" Ó ní tọkùnrin náà wà, iṣẹ́ abẹ kékeré, ọjọ́ náà lèèyàn ń lọ sílé.

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi! Èmi tí gbogbo oko ẹran ń pè ní Ọ̀gá Ọ̀dàá? Èmi tí mo mọ ojú tí òbúkọ fi ń woni lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn? Kí n wá lọ la ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì? Ilẹ̀ ni Alákòóso ń wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Mo tẹ òbúkọ méjì lọ́dàá. N ò wo ojú wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Mo lọ gẹrun lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n mi, onígbàjámọ̀. Ẹnu ń yún mi, mo sọ fún un. Ó pa ẹ̀rọ ìgẹrun, ó kéde fún àwọn oníbàárà pé obìnrin fẹ́ sọ àbúrò òun di òkóbó. Wọ́n ní ohùn mi á di tọmọge. Irùngbọ̀n mi á re. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín — kí ni kí n ṣe? Ìgbà yẹn ni Ẹ̀gbọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Bí eléyìí bá kú ńkọ́? Kí lo máa fi fẹ́ òmíràn?"

Bí eléyìí bá kú. Ó ti sin ín tán nínú ọkàn rẹ̀! Mo dìde. Ó ti fá apá kan orí mi, apá kejì kún fún irun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Fìlà ni mo dé látàárọ̀. Alákòóso ṣí i wò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Obìnrin yìí ò gbọdọ̀ kú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Mo dá lọ bá Dókítà. Bí oníṣẹ́ ṣe ń bi oníṣẹ́ ni mo bi í: kí lẹ̀ ń gé gan-an? Ó yàwòrán. Kórópọ̀n wà níbi tó wà. Ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà ni wọ́n ń gé, tí wọ́n sì ń so. Èmi, kórópọ̀n gan-an ni mò ń bà jẹ́ lára òbúkọ. Ohùn, irùngbọ̀n, ìfẹ́ obìnrin — gbogbo rẹ̀ á wà. Ó kìlọ̀ pé kí n rò ó dáadáa, nítorí ọ̀nà tí wọ́n bá dí, kì í ṣeé ṣí bọ̀rọ̀.

Àṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń dẹ́rù bà mí. Orí mi gbà. Àyà mi ò tíì gbà.

Mo sọ fún Alákòóso. Ó ní: "Bẹ́ ẹ bá máa fi ṣe ìrègún fún mi lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é." Mo ní ara tèmi ni, ẹ̀mí tiwa ni. Kò sí ìrègún níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún
Ó ti tán. Abẹ́rẹ́ ta mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni Dókítà ń sọ títí ó fi parí. Mo ya ẹsẹ̀ rìn wọlé. Alákòóso gbé omi dídì fún mi: "Ẹ pẹ̀lẹ́, òbúkọ mi." Ẹ̀rín tó pa mí dá mi lóró ju abẹ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin
A ti padà síra wa. Pẹ̀lú kọ́ńdọ̀mù o, títí àyẹ̀wò àtọ̀ á fi jáde. Kò sóhun tó yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Kó máa ṣe é lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà
Àyẹ̀wò jáde. Kò sí irúgbìn kankan nínú àtọ̀ mi mọ́. Mo rò pé màá bara jẹ́. Mo bara jẹ́ díẹ̀ lóòótọ́ — láti ilé ìwòsàn dé ibi tí mo ti wọkọ̀.

Mo sọ fún Alákòóso nínú kíṣìnnì. Ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Mo rò pé ó kábàámọ̀. Rárá. Ó ní láti ọjọ́ tí Dókítà ti sọ̀rọ̀ lòun ti ń kọ́ àkọ́bí wa bí wọ́n ṣe ń wẹ àbíkẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lóru. Nítorí ọjọ́ tóun ò bá sí mọ́. Inú ilé kan náà la jọ wà, n ò mọ̀.

Àkọ́bí wọlé, ó gbé bàsíà ìwẹ̀ dání, ó ń wá àbúrò rẹ̀. Alákòóso nu ojú, ó gba bàsíà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ ṣeré," ó ní. "Màmá ẹ wà ńbí."