Ọkọ̀ Tí A Tò fún Àlejò

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, nítorí ohun tí mo ń tọrọ fún yín lójoojúmọ́ nìyẹn. Èmi náà wà dáadáa, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí nítorí ìdúró. Màmá ṣì ń wúkọ́. Ilé tó kọjú sí títì yẹn kò bá a lára mu, ṣùgbọ́n ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti sọ.

Wọ́n ti sọ fún wa níbi iṣẹ́, níbi tí a ti ń to ọkọ̀ pọ̀, pé ìwọ ni olú ilé-iṣẹ́ ń rán bọ̀. Wọ́n ní ìwọ lo máa fọwọ́ sọ̀yà níwájú àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá yẹ ọkọ̀ wò, pé ọkọ̀ tuntun wa kò wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun ti dín èéfín rẹ̀ kù sí ìdajì. Inú mi ì bá dùn, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

O mọ̀ pé èmi ni mo ń de asẹ́ èéfín mọ́ abẹ́ ọkọ̀, agolo irin tó ń sẹ́ májèlé kí èéfín tó jáde. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ pé owó ọkọ̀ kò gbọdọ̀ lé sí i, èyí tí wọ́n ń kó wá fúyẹ́. Ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e. Ti tẹ́lẹ̀, ọwọ́ méjì ni, àti “yéè” lórí ẹ̀. Mo bi ọ̀gá wa tí gbogbo wa ń pè ní Kíákíá. Ó ní, “Ìlọsíwájú ni, màdáámú. Àbí ẹ fẹ́ kó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀ ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà á gbọ́ díẹ̀.

Àṣà wa ni pé ọkọ̀ tí àlejò máa rí, ọ̀tọ̀ la ti ń tò ó, àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ jù la sì ń fi sí i. Kò burú. Ẹni tó ń retí àlejò á gbálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n mú mi mọ́ wọn. Kíákíá, tí kì í jẹ́ ká mumi lálàáfíà, ló wá ń sọ pé, “Ẹ rọra o, ẹ fara balẹ̀.” Ó tún ra nǹkan mímu tútù fún wa. Nígbà tó kan asẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé e wá láti yàrá ẹ̀yìn. Mo fọwọ́ kan gbé e, kò gbé. Asẹ́ àtijọ́ ni! Wọ́n kàn kùn ún lọ́dà kó lè jọ tuntun ni. Mo bi í léèrè, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó ní, “Ẹni tó ń bọ̀ ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀.”

Ìwọ ni ẹni tó ń bọ̀.

Kíákíá lè parọ́, irọ́ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí o sọ nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn, pé bí asẹ́ bá wọ́n jù, àwọn èèyàn á fi ọkọ̀ wa sílẹ̀, wọ́n á lọ ra àlòkù tí èéfín rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Bí ẹ bá sọ ọ́ síta pé èyí tó fúyẹ́ kì í sẹ́ tó ti àtijọ́, n kò ní ìjà kankan. Kí ló wá dé tí èyí tó wúwo fi jẹ́ ti àlejò, tí èyí tó fúyẹ́ sì jẹ́ ti ẹni tó ń rà? Aya rẹ náà pè mí, ó ń bèèrè bóyá èmi ni mo de asẹ́ ọkọ̀ àlejò. Kò bèèrè iṣẹ́ mi rí láyé. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ó dùn mí láti kọ ọ́: mo ń fura sí ọ. Èmi tí mo pọ̀n ọ́! Ìwọ tí o jókòó ti Màmá nígbà tí ikọ́ fẹ́ gbé e lọ, tí o sọ pé ọkọ̀ tí kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ikọ́ lo máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Bí o kò bá mọ̀, orúkọ rẹ ni wọ́n fẹ́ fi bo àṣírí wọn. Bí o bá sì mọ̀, n kò lè parí gbólóhùn yẹn.

Àwọn ọkọ̀ tí a ó tà wà ní àgbàlá, eruku ti bò wọ́n. Mú èyíkéyìí nínú wọn, kí wọ́n wọn èéfín rẹ̀ níṣojú àlejò. Bó bá yege, màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ níwájú gbogbo èèyàn, àní níwájú Kíákíá.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Ojú kò ní tì ọ́, ojú kò sì ní ti àwa tí a ni ọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Àfikún: Má pè mí lórí fóònù. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, màá gba ohunkóhun tí o bá sọ gbọ́. Lọ́jọ́ tí àlejò bá dé, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni màá dúró sí, ọkọ̀ tí o bá nawọ́ sí ni màá fi mọ àbúrò tí mo ní.