Ìjókòó Àwọn Tí Kò Tíì Lọ́kọ

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù Kọkànlá

Òní le. Ohùn Òkè fẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí pẹpẹ. (Pásítọ̀ wa ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí. Kò nílò makirofóònù, síbẹ̀ kì í fi í sílẹ̀.) Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lórí rédíò ló ká a lára: wọ́n ní àjákù ìwé àtijọ́ kan wà, kékeré báyìí, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Jésù sọ pé "ìyàwó mi". Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ó ṣeé ṣe kó ti gbéyàwó. Àwọn mìíràn ní ayédèrú ni.

Ohùn Òkè ní ẹ̀gbin ni. Ó ní kí ẹnì kan máa sọ pé Olúwa òun ní ìyàwó nílé, àbùkù gbáà ni, ẹ̀gbin ni. Gbogbo ìjọ ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ìjókòó iwájú. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Kò mira.

Èmi wà níbi tí mo máa ń wà — ìjókòó àwọn tí kò tíì lọ́kọ, lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í tì dáadáa. Bí ìjọ wa ṣe ń jókòó nìyẹn: àwọn abilékọ láàárín, àwọn ọkọ wọn lọ́tùn-ún, àwa "ọmọge" lósì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Ọmọge tó jókòó tì mí lónìí ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sẹ́yìn ìwé orin. Àbúrò mi tí mo pọ̀n dàgbà wà láàárín, wọ́n ń pè é ní Màmá. Èmi, Sísí.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kọkànlá

Ọ̀rọ̀ kíláàsì. Bàbá tó ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé èmi ni mò ń kọ́ wọn ní ti gidi. Bàbá kàn ń ṣe àmín ni. Àwọn ọmọ kíláàsì ní èmi ni kí n bọ́ sípò rẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó lánàá lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní rárá. Òfin ìjọ: ẹni tó bá máa kọ́ àgbà gbọ́dọ̀ ní ọkọ tàbí kó láya.

Baba Jígí Méjì ló wá sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni alága. (Jígí kan lójú, òmíràn tó fi ń kàwé lọ́rùn. Èmi ni mo ṣe méjèèjì.) Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ní o ò mọ̀ ọ́n o, Sísí. Ṣùgbọ́n o ṣáà mọ bó ṣe rí."

N kò mọ bó ṣe rí. Inú ń bí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kọkànlá

Inú ṣì ń bí mi. Mo gé awò jígí oníbàárà kan bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kọkànlá

Wọ́n máa ṣe àríyànjiyàn! Ní gbọ̀ngàn ìjọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀. "Ǹjẹ́ Jésù gbéyàwó?" Àwọn ọ̀dọ́ ò yé béèrè, Ohùn Òkè sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú pátápátá.

Apá "kò gbéyàwó" kún fọ́fọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà sí i. Apá "ó gbéyàwó" — kò sẹ́nì kankan. Olórí akọrin ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun. Akápò ní ìyàwó òun ò ní ṣílẹ̀kùn fún òun. Ohùn Òkè wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí mi. "Sísí, ìwọ ni. Ìwọ ò ṣáà ní ilé tó máa dàrú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní mo gbà. Ìjọ tiwa nìkan ló lè rán ẹni tí kò lọ́kọ pé kó lọ gbèjà ìgbéyàwó.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Kọkànlá

Màámi ti gbọ́. Ẹnu àbúrò mi kì í dúró. Màámi jókòó sétí ibùsùn mi, ó ń ká ìborí rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ó ní kí n sọ pé ara mi ò yá. Ó ní ìjọ yìí ló sin bàbá mi, ibẹ̀ ni òun náà fẹ́ kí wọ́n ti gbé òun jáde. "Ẹnu wọn ni mò ń sá fún, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe ń wò mí yìí ti tó."

Bí wọ́n ṣe ń wò ó — nítorí tèmi. Ìyẹn dùn mí ju ti ìgbìmọ̀ lọ. Mo dì mọ́ ọn. N kò ṣèlérí kankan.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Kọkànlá

Fèrèsé yẹn. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi lọ́rùn títí dé àdúrà ìkẹyìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kọkànlá

Baba Jígí Méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti jókòó lé jígí tó fi ń kàwé, awò fọ́, férémù wọ́. Mo ní kó jókòó kí n wọn ojú rẹ̀ fún òmíràn. Bí mo bá ń wọn ojú èèyàn, kò gbọ́dọ̀ mira, imú mi nìkan ló lè máa wò. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀. Ó ní bí mo bá sọ̀rọ̀ níwọ̀nba, tí mo jẹ́ kí wọ́n borí wọ́ọ́rọ́wọ́, ìgbìmọ̀ lè fi mí ṣe igbákejì olùkọ́.

"Igbákejì ta ni, sà?"

"Èmi. Èmi ni wọ́n ní kí n gbà á."

Bí mo bá sì ṣe agídí, kí n gbàgbé kíláàsì pátápátá.

Mo ní kó wá gba jígí rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kọkànlá

Mo ti ka gbogbo ohun tọ́wọ́ mi bà. Kí n sọ òótọ́ níhìn-ín: n kò gbà á gbọ́. Àjákù yẹn ń fu mí lára. Bíbélì ò sọ pé ó gbéyàwó, kò sì sọ pé kò gbé e. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, màá ní kò gbé e. Kí ni mo wá fẹ́ lọ sọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?

Mo ń nu ẹ̀rọ tí mo fi ń gé awò ni mo déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan. Aránṣọ òdìkejì yọjú wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kọkànlá

Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé ìjọ ní ìyàwó yóò ti fa ọkàn Olúwa sílé. Akápò ní ẹni mímọ́ ò lè ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ìyàwó akápò jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́.

Ó kàn mí. Mo ní mo ti wádìí, n kò rí ẹ̀rí tó dúró. Mo ní lérò tèmi, kò gbéyàwó. Ni àtẹ́wọ́ bá sọ. Baba Jígí Méjì ń mi orí sí mi bí ẹni ń yin ọmọ tó lo oògùn rẹ̀ tán. Mo dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán.

Mo wá ní: Ó dáa, gbogbo wa ti gbà. Ọkùnrin tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò láya, kò bímọ, ẹ sì ní ògo rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá wọlé wá lọ́la pé òun fẹ́ kọ́ kíláàsì àwọn àgbà, ìgbìmọ̀ wa máa ní kò láya. Wọ́n á ní kó wá jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.



Mo ní bó bá sì jẹ́ pé mo ṣì í, pé ó gbéyàwó lóòótọ́, a jẹ́ pé ìyàwó níní kì í ṣe ẹ̀gbin nìyẹn, kí pásítọ̀ yáa bẹ ìyàwó rẹ̀, torí ìṣojú rẹ̀ ló ti pè é ní ẹ̀gbin. Mo ní kí wọ́n mú ọ̀kan. Wọn ò lè ní ìyàwó á bu Jésù kù, kí wọ́n tún ní àìlọ́kọ bu èmi kù.

Akọ̀wé lu agogo pé àsìkò mi ti tán. Irọ́ ni, kò tíì tán. Ìyàwó pásítọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín tún jáde.

Wọ́n ní apá "kò gbéyàwó" ló borí. Èmi náà ṣáà ti gbà bẹ́ẹ̀.

Baba Jígí Méjì ò wá gba jígí rẹ̀ lánàá. Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti délé.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kọkànlá

Wọ́n kéde rẹ̀: Baba Jígí Méjì ni olùkọ́. Kò sí orúkọ mi níbì kankan.

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, kálukú ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ṣí Bíbélì, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tì í jìnnà. Jígí rẹ̀ wà nínú báàgì mi. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n ní àìsí jígí ló jẹ́ kó tàsé. Mo dìde, mo gbé e fún un níwájú gbogbo wọn. "Ẹ wọ̀ ọ́, sà, kó lè hàn kedere."

Ó hàn kedere. Ó kà á láìkọsẹ̀. Akọ̀wé wá béèrè ìtumọ̀ ohun tó kà. Ó ṣí ojú ìwé kan síwájú, ó tún ṣí i padà. Ó ní ká kọrin.

Orin ń lọ lọ́wọ́ ni ìyàwó pásítọ̀ dìde níwájú. Ó gba àárín àwọn abilékọ kọjá, ó wá sápá òsì. Ó ní kí ọmọge oníṣẹ́ àṣetiléwá sún díẹ̀. Ó ṣí Bíbélì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. "Olùkọ́, ìbéèrè yẹn. Kí ni ìdáhùn rẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní ohùn jẹ́jẹ́, nítorí orin ò tíì tán. Ni mo bá rí Màámi. Ó ti dìde láàárín wọn lọ́hùn-ún, ìborí rẹ̀ ti fẹ́ já bọ́. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó rọra ń bọ̀, ó ń di ẹ̀yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan mú, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó jókòó. Ó fa fèrèsé yẹn, kò tì, ó fi í sílẹ̀.

"Sọ̀rọ̀ sókè," ó ní. "Etí mi ò gbọ́."

Mo sọ̀rọ̀ sókè.