Bàtà Òsì Àwọn Olùdíje

Ọmọ mi, Ẹlẹ́sẹ̀-Kékeré,

Báwo ni gbogbo nǹkan níbẹ̀? Ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, o ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń ké bí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ajá aládùúgbò wa náà ń bẹ, ṣùgbọ́n látìgbà tí o wá kẹ́yìn, tí a wá bàtà òsì rẹ títí tí a sì sọ pé òun ló gbé e, kì í ju ìrù sí mi mọ́ tí mo bá kí i. Ìyá aránṣọ tó yá ọ ní sálúbàtà tí o wọ̀ padà ní kí n kí ọ, òun ò bínú.

Ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀ o. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wá lẹ ìwé mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pé wọ́n máa wó wọn kí àwọn èèyàn lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Ṣọ́ọ̀bù tí o ti kọ́ ìrìn! Ibi tí ìyá rẹ ti máa ń jókòó fi òwú sínú abẹ́rẹ́ fún mi, tí ìwọ á máa to ìṣó sílẹ̀, tí wàá ní ọmọ ilé ìwé rẹ ni wọ́n, wàá sì máa nà wọ́n. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo wọlé, mo sì sunkún. Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Wọ́n fi fọ́ọ̀mù tì í, pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó kọ ọ́. Pẹ́ńsùlù tí mo fi ń sàmì sí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni mo fi kọ ọ́. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, òjò ń rọ̀. Wọ́n béèrè iye òṣìṣẹ́, mo kọ méjì, èmi àti ìyá rẹ, torí àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mi ò sì gba ẹlòmíì sórí ẹ̀. Wọ́n béèrè àdírẹ́sì mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ní mi ò gbé ibẹ̀ rí, àmọ́ ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n lọ bá a. Tí wọ́n bá dé, jọ̀ọ́, fún wọn lómi mu.

Onígbàjámọ̀ ní kí gbogbo wa àti àwọn oníbàárà wa kóra jọ sínú fóònù, kí á fi ṣe ẹgbẹ́. Mo wọ aṣọ tó dáa kí n tó wọlé, mo sì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí mo wá kọ ọ́ pé ìbò alága ìbílẹ̀ ti ń bọ̀, kí á pe àwọn olùdíje wá síwájú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ọ̀rọ̀ wa, ẹni mẹ́rìnlá ló tẹ àtàǹpàkò sí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí! Mo sáré lọ bá onígbàjámọ̀ pé kí ló dé tí wọ́n ń dìbò nígbà tí ọjọ́ ìbò ò tíì pé, ṣé wọ́n fẹ́ kí ọlọ́pàá kó wa ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fá ibi tí oníbàárà rẹ̀ ò ní kó fá.

Àwọn olùdíje méjèèjì wá. Àkọ́kọ́ ni ọkùnrin tí a ń pè ní Ọlọ́kọ̀ Dúdú, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ìkejì ni tíṣà àgbà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, òun fẹsẹ̀ rìn wá. Ọlọ́kọ̀ Dúdú ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan bíríkì kan. Tíṣà ní òun ò lè búra, àmọ́ òun máa wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin náà, èmi sì dìde.

O mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi ló kọ́ mi. Tí oníbàárà bá gbé bàtà wá, ti òsì nìkan ni mo máa ń gbà, kí ti ọ̀tún bá a lọ sílé, torí náà ó di dandan kó padà wá. Bí mo ṣe fẹ́ ìyá rẹ náà nìyẹn. Ó padà wá, mo ní gọ́ọ̀mù ò tíì mú. Ó tún wá, mo ní òwú kù. Nígbà tó máa fi wá lẹ́ẹ̀kẹrin, mo ti lọ kí bàbá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ṣì máa ń dùn mọ́ mi nínú tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo wá sọ fún àwọn olùdíje pé kí wọ́n bọ́ bàtà òsì kálukú, mo máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n wá gbà á. Ariwo ta! Ọlọ́kọ̀ Dúdú ò lè kọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Tirẹ̀ ń dán, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì jẹ rárá. Ti tíṣà ti jẹ lápá kan, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó ń rìn ni.

Lọ́jọ́ kejì Ọlọ́kọ̀ Dúdú rán dírẹ́bà rẹ̀ wá. Mo ní rárá o, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ni kó wá. Kò wá, ó lọ ra òmíràn. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló wá, mo ní gọ́ọ̀mù ò tíì mú. Ló bá jókòó sórí àga ìyá rẹ. Mo fẹ́ ní kó dìde, ẹnu mi ò gbà á. Ó béèrè ìgbà tí mo débẹ̀, ó béèrè ìyá rẹ, ó béèrè ìwọ náà, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó lọ bá onígbàjámọ̀, ó lọ bá ìyá aránṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá kí ìbò tó dé.

Òun ló wọlé. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ló fẹsẹ̀ rìn wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́: wọn ò ní wó wa mọ́, kí á kàn fa ìbòrí iwájú ṣọ́ọ̀bù wa sẹ́yìn kúrò lójú gọ́tà. Ìyá aránṣọ jó títí ìborùn rẹ̀ fi já bọ́. Mo gbé bàtà tíṣà fún un, mo sì jẹ́wọ́ pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ṣe tán. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì. Bí ìyá rẹ náà ṣe sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn nìyẹn. Ọlọ́kọ̀ Dúdú wá gba tirẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, láìsí mọ́tò, ó jókòó pẹ́, kì í ṣe èèyàn burúkú.

Tí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ sí mi fún ìbòrí tí a fẹ́ fà sẹ́yìn. Má fi sínú fóònù o, ojú rẹ̀ ti sán, owó lè jò dànù. Ọlọ́run á fún ọ ní ju èyí tí o bá fi ránṣẹ́ lọ, ibi iṣẹ́ rẹ ò ní wó, ojú rẹ ò ní rí ẹkún.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bàtà olùdíje méjèèjì ti lọ, ó wá ku òsì kan ṣoṣo lórí pẹpẹ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ. Mo ń fi pọ́líìṣì nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bá mi bẹ ajá tí o bá dé, kì í ṣe òun. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì. Mi ò ní fún ẹnikẹ́ni tí o bá rán wá. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ni kó wá.

Èmi ni bàbá rẹ, aránbàtà.